Ọtí Dúdú Inú Àgbá

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà wa o. Ara àkọ́bí yín le koko. Mo ti ra ìkòkò irin tuntun àti àgbá oníke, mo fi ń pọn ọtí dúdú tí bàbá mi fẹ́ràn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Bó bá ń hó nínú àgbá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ló rí. Mo máa ń kí i láàárọ̀, á sì dáhùn.

Àná ló dákẹ́, gbogbo ilé wá pa lọ́lọ́. Ọtí ti tó mu, ó yẹ kí n rọ ọ́ sínú ìgò. Ṣúgà ni mo tún dà sí i kó lè tún máa hó. Ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń fọhùn; kì í ṣe èmi nìkan ló wà nílé mọ́.

Ìyàwó yín ń kí yín. Ariwo àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí n kọ jù báyìí lọ.