Ẹni Tí Wọ́n Já Lù Lójijì

Ràdíátù ìyàwó mi,

Ara mi le koko, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Oyèwọlé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí l'Ápápá nìkan ló ń bí mi nínú.

Ó kọ́ wa ní eré kan. Ẹnu la fi ń sọ ohun tí jagunjagun wa fẹ́ ṣe, nọ́ńbà tí dáìsì tá a jù bá gbé wá á sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Àwọn ọlọ́ṣà lúgọ de jagunjagun mi. Mo ní kó fa idà yọ, Oyèwọlé ní òfin kọ̀ ọ́: ẹni tí wọ́n já lù lójijì kò gbọdọ̀ mira títí wọ́n á fi kọ́kọ́ lù ú. Kí ló dé? Ṣé igi ni? Nígbà tó kàn mí, mo sáré kọ lù wọ́n. Ó tún ní ẹni tó bá sáré kọ lu ọ̀tá ti ṣí àyà sílẹ̀ nìyẹn. Ni wọ́n bá pa mí! Irú òfin wo nìyẹn?

Láti àárọ̀ Mọ́ńdè la ti ń fa ọ̀rọ̀ òfin yìí níwájú géètì ibi iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀ ni, wọn ò sì tíì jẹ́ ká wọlé, kò tó nǹkan.

Bá mi kí Tiwalọlá ọmọ wa àti gbogbo ará Ìsẹ́yìn. O ní ò ń bọ̀ wá wò mí l'Ájégúnlẹ̀. Jọ̀ọ́, fi tó mi létí kó o tó gbéra. Má yọ sí mi lójijì.

Èmi ọkọ rẹ,
Àlíù