Orúkọ Tó Wà Lórí Bíìlì Iná

Màmá mi,

Ara wa le ní Agége. Ẹ má dààmú nípa bàbá Abdulqoyum. Iṣẹ́ ló gbé e jìnnà, ìdí nìyẹn tí kò fi ráyè pè yín.

Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ọkọ mi ló máa ń san owó iná wa lórí fóònù, èmi ò mọ̀ ọ́n san. Ìyá ní ká jọ jókòó tì í. Wọ́n ń ka nọ́ńbà inú bíìlì àtijọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí orúkọ ọmọ wọn fi yọ: Muhydeen Làsísì. Mo bú sẹ́kún.

Wọ́n ní, "Fatimah, nu ojú ẹ ká lè rí i kà."

Owó náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, àṣé bàbá Abdulqoyum ò san ti oṣù tó kọjá kó tó lọ. A san gbogbo rẹ̀, rìsíìtì sì wọlé.

Ìyá wá ní, "Lọ́la, a ó jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná ní Ọgbà, kí wọ́n fi orúkọ tìẹ síbẹ̀. Ìwọ ni mò ń bá gbé, kì í ṣe ọmọ mi."

Màmá, mi ò rí irú obìnrin yìí rí. Ẹ máa fi àdúrà rántí wọn.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Gbogbo àwa tá a wà nílé ń kí yín.

Ọmọ yín,
Fatimah