Bàbá Évariste Courvoisin àti Ẹyọ Ọ̀pá Àbẹ́là Rẹ̀ (1822–1896)

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1822 ni a bí olóògbé wa, Bàbá Évariste Courvoisin, ní àdúgbò Marais ní ìlú Paris. Jérôme tó ń da idẹ ni bàbá rẹ̀, Mélanie ni ìyá rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí: Zélie ni ẹ̀gbọ́n, olóògbé ni àbúrò. Ó lọ sí ilé ìwé àwọn àlùfáà, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí ara àga ló ń ya òdòdó sí.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bí wọ́n bá ti da idẹ tán, olóògbé ni í fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ ewé àti ojú áńgẹ́lì jáde lára rẹ̀. Ní 1849 ó gbé Clémence níyàwó, ọmọ ẹni tó ń fi wúrà bo idẹ.

Ní 1858 bàbá wọn kú, ó fi ọ̀pá àbẹ́là méjì ẹlẹ́ka méje sílẹ̀, tí àwọn áńgẹ́lì oníhòòhò gùn lókè-nílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé méjì méjì ni irú rẹ̀ ń jókòó lókè ibi ìyáná ní pálọ̀? Ẹyọ kan dà bí bàtà ẹsẹ̀ kan. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì. Orí kunkun ìran wa nìyẹn, a ò lè fi bò. Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá gbẹ̀yìn láyé kó méjèèjì. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀mí gígùn di iṣẹ́ kejì fún olóògbé. Aṣọ òtútù méjì ló ń wọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbé ọ̀pá tirẹ̀ síwájú jígí kí àlejò lè rí méjì, ó sì ní kí wọ́n má kọjá ẹnu ọ̀nà. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, torí ibẹ̀ ló ti ń wo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń rìn. Bí Màmá Zélie bá húkọ́ lọ́jọ́ Àìkú, inú olóògbé á dùn títí di Ọjọ́bọ̀. Màmá náà ò kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn kan ló ní, "Évariste, o mà ń rù o. Ṣé kò sí?" Olóògbé fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì yọ̀. Èmi ni màá ra òdòdó òkú yín."

Ó ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ idẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún; dókítà ẹgbẹ́ náà kò rí ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá yìí, òtútù àyà mú Bàbá lọ ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó fi Màmá Clémence sílẹ̀, àti àwa ọmọ rẹ̀, Firmin, Noémie àti Octave, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá Zélie dé. A ti fi aṣọ wé ọ̀pá náà fún un, ojú wa sì le. Àṣé tirẹ̀ ló gbé wá. Ó tú tiwa, ó gbé ọ̀kan sí ọ̀tún pósí, ọ̀kan sí òsì, ó tan àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ó wo àbúrò rẹ̀ títí, ó bú sẹ́kún.

"Évariste, mo borí. Ta ni kí n máa bá jà báyìí?"

Bàbá wa, ẹ sinmi ní àlàáfíà. Ẹ dúró de ẹ̀gbọ́n yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú pè wọ́n.