Màmá Ẹ-gbẹ́sẹ̀, Olùṣọ́ Ìṣẹ́jú ní Yàrá Àtúnṣe Ọkàn

Inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni wọ́n bí Màmá wa sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1950. Aránṣọ ni ìyá wọn, bàbá wọn sì jẹ́ akọ́wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àkọ́bí ni wọ́n láàárín ọmọ márùn-ún, ipò náà kò sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn rárá. Àwọn àbúrò wọn wà níjòókòó lónìí, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni Màmá ti gba ẹ̀kọ́ tó bá wọn dọ́jọ́ ogbó. Òfin ìyá wọn ni pé bí ojú bá ti kúrò lára aṣọ, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún wọn ní àtàǹpàkò ni òfin náà tó wọ̀ wọ́n létí.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1968, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ní 1972. Ní 1975, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá, oníṣẹ́ iná tó wá tún wáyà ṣe ní yàrá iṣẹ́ wọn, tó wá ń padà wá lójoojúmọ́ láti wo wáyà tí kò bàjẹ́ mọ́. Bàbá ṣì ń jiyàn títí dòní pé ó bàjẹ́ lóòótọ́.

Ní 1986, ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ Màmá lọ sí yàrá àtúnṣe ọkàn, kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀rọ ìtànṣán àti iye ìṣẹ́jú tó ń tàn. Níbẹ̀, dókítà máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan dé ọkàn, kó lè la ibi tó dí. Ìtànṣán ló fi ń ríran, pẹ́dà kan nílẹ̀ ló sì ń tan ìtànṣán náà. Dókítà wọ aṣọ òjé tó ń dí ìtànṣán, nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn aláìsàn tó dùbúlẹ̀ ló ń gba gbogbo ẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lójú kan, ó lè jó awọ, ọgbẹ́ náà sì lè má yọjú títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà a gbójú sókè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ á ṣì wà lórí pẹ́dà. Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ohùn Màmá: “Ẹ gbẹ́sẹ̀!” Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Ní 1994, káfíńtà kan wá fún ìgbà kẹta láàárín oṣù méjì. Màmá nìkan ló ní kó yíjú padà káwọn wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì rí ibi tó pọ́n, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n bẹ ọ̀gá dókítà pé kó darí ẹ̀rọ gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ọ̀gá ní ibẹ̀ lòun ti ń ríran dáadáa. Nígbà tí aago fi máa dé ogójì ìṣẹ́jú, Màmá ti pe ìṣẹ́jú sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá bá jágbe: “Ta ló ni yàrá yìí gan-an?” Màmá ní: “Ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn ni, sà.”

Háà! Ọ̀gá gbẹ́sẹ̀, ó yí ẹ̀rọ, ó sì parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lé Màmá lọ sí yàrá àwọn tó dá lápá dá lẹ́sẹ̀. Ẹbí ní kí Màmá lọ bẹ ọ̀gá. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n sunkún o, Bàbá rí i, àmọ́ wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, tí wọ́n ń ní kó bọ́ ẹ̀wù. Awọ náà bó, ṣùgbọ́n kò di ọgbẹ́, ó sì jinná.

Nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti pe ìṣẹ́jú mọ́, ẹ̀yìn aláìsàn mìíràn di ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sílé wa ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Orí àga tí káfíńtà kàn fún Màmá ló jókòó lé. Ó ní: “Ẹ dákun, ẹ padà wá. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà.” Láti ìgbà náà ló ti di òfin níbẹ̀ pé kí wọ́n máa pe ìṣẹ́jú sókè, kí wọ́n kọ iye ìtànṣán sínú fáìlì, kí wọ́n sì pe aláìsàn padà wá fi ẹ̀yìn han àwọn.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2010. Nínú ìjọ, àwọn ni olùtọ́jú àkókò. Oníwàásù tó bá rí wọn tí wọ́n gbọ́wọ́ wo aago mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní aṣọ rírán láìgba nǹkan kan.

Ní 2019, iṣan ọkàn tiwọn náà dí. Lórí ibùsùn yàrá yẹn kan náà, Màmá ti ya ẹnu báyìí láti ní “Ẹ gbẹ́sẹ̀”, ni dókítà, obìnrin tí Màmá kọ́ níbẹ̀, bá pe ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀, tó sì gbẹ́sẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí Màmá dákẹ́ ní yàrá yẹn nìyẹn. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n lò sí i.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, pẹ̀lú Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn. Ó dùn wá, a ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo pósí tó wà níwájú yín yẹn. Káfíńtà ọjọ́sí ló kàn án, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán.

Màmá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ gbẹ́sẹ̀. Ẹ sùn re o.