Má Gba Ọkọ̀ Dáramọ́lá

Akínbọ̀dé àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Snellville ní Amẹ́ríkà níbí tutù bíi inú fíríìjì. Orúnkún ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n mo ń lo oògùn.

Jọ̀wọ́, má gba tírọ́ọ̀kì tí Dáramọ́lá, ọkọ Tẹ́ní ọmọ mi, fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó so ẹ̀rọ kan mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó wá sọ ara rẹ̀ di ẹnjiníà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bọ́, mo ní, "Jẹ́ kó gbóná ná, ọ́ìlì rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ."

Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe rí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Mummy, this one no be classroom o." Ó tẹná mọ́ ọn. Atẹ́gùn òtútù ki ju ti ooru lọ. Ẹ̀rọ náà rọ́ ọ wọlé, epo kò tó o, iná sì jó písítìnì inú ẹ́ńjìnnì náà lu.

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ báyìí. Ó ní, "Òtútù ò sí ní Iléṣà, á ṣiṣẹ́ fún Uncle." Ohun tó kó mi nírìíra nìyẹn: kò jẹ́ kí Tẹ́ní wọ̀ ọ́ mọ́, ìwọ ló fẹ́ kó o fi gbé àwọn ọmọ gba inú igbó kọjá.

Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí. Fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí Dáramọ́lá bá pè, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sọ fún un pé alùpùpù rẹ ṣì ń gbé ọ débi tó o bá ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Oyèrónkẹ́