Fídíò Iperindo Tí Wọ́n Fún Títí Ojú Fi Parẹ́

Àdúgbò Ọjà Ọba,
Òṣogbo.
Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Tómilọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ò ń kọ́ ní Yola. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ooru ibẹ̀ má sì ti mú ọ jù. Ara tèmi le, alhamdulillahi. Inú mi ni kò dáa.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá Kàmál, níbi tí a ti ń ya fídíò ní Old Garage. Mo mọ̀ pé màmá rẹ ti sọ díẹ̀ fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kò ṣojú wọn. Ó ṣojú tèmi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí ọ̀rọ̀ Micah àbúrò rẹ ni.

O mọ̀ pé lẹ́yìn tí kòtò wúrà ya lu Micah ní Iperindo, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ikú rẹ̀. Abíọ́lá tó ni kòtò náà ní òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé ńṣe ni àwọn ọmọ náà yọ́ wọlé. Irọ́ ni. Ajíbádé, tí òun àti Micah jọ ń walẹ̀, ti fi fóònù ya fídíò nígbà tí ògiri kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í là. Abíọ́lá ló dúró sẹ́nu kòtò nínú rẹ̀, ó dé fìlà pupa, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wọlé, ẹ má fi àkókò mi ṣòfò." Àwọn ìyá Iperindo ló gbé fídíò náà wá fún wa. Wọ́n ní kí a ya màmá rẹ náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn, kí a sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀.

Àwọn fáìlì náà tóbi ju ohun tí ìkànnì ìgbìmọ̀ lè gbà lọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ojú dúdú lásán ni mo máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, màá sì tẹ àṣẹ sí i bí ẹni ń kọ gbólóhùn kan: orúkọ fídíò, ibi tó ń lọ, àti nọ́ńbà kan tó ń sọ bí yóò ṣe fún un pọ̀ tó. Bí nọ́ńbà yẹn bá kéré, àwòrán á mọ́, fáìlì á wúwo. Bí o bá gbé e sókè, fáìlì á fúyẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á máa da ohun tó wà nínú àwòrán nù díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbé e sókè, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí fídíò fi kéré tó láti lọ tí ojú èèyàn ò sì bàjẹ́. Mo rí eyín Abíọ́lá nínú rẹ̀. Mo rí omijé màmá rẹ.

Ọ̀gá Kàmál wò ó, wọn ò sọ pé ó dáa. Abíọ́lá ti wá kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì jọ tilẹ̀kùn. Ọ̀gá wá ní kí n gbé nọ́ńbà náà sókè gidi. Mo ní ojú ò ní hàn mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Kàósárà, a ò gé nǹkan kan kúrò, a ò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Fáìlì ńlá la sọ di kékeré. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Tómilọ́lá, mo ti rí òpùrọ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣe ibi tónítóní báyẹn. Láti ibi yìí lọ, mi ò lè pè é ní "wọ́n" mọ́, má bínú.

Mo ní mi ò ní ṣe é. Ó ní kí n dìde. Ó jókòó sórí àga mi, ó pe àṣẹ tí mo ti tẹ̀ padà, ó yí nọ́ńbà yẹn nìkan, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ ro ti màmá rẹ pé kó yà á sọ́tọ̀. Ó fún méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá pa àwọn ojúlówó rẹ́, ó lọ fọwọ́, ó ní kí wọ́n bá òun ra mọ́ínmọ́ín. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Mo pe Ajíbádé pé kó má pa tinú fóònù rẹ̀ rẹ́ o, kó sì mú un dání lọ́jọ́ ìjókòó. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún màmá rẹ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó ní Iléṣà, ẹ̀gbẹ́ màmá rẹ ni mo wà. Wọ́n gbé fídíò sí ara ògiri. Abíọ́lá ti di ègé-ègé aláwọ̀ ilẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, fìlà pupa yẹn ti di àbàwọ́n, ohùn rẹ̀ sì dà bíi tẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Lọ́yà rẹ̀ ní ta ló lè dá irú èèyàn yẹn mọ̀. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ jókòó níwájú, ó rọra ń fi háńkáṣíìfù nu ẹnu. Wọ́n wá fi ti màmá rẹ hàn. Màmá rẹ fara súnmọ́ mi, wọ́n ní, "Kàósárà, ta nìyí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n fọwọ́ kan ojú ara wọn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sọ ohun tí Kàmál ṣe, mo sì sọ bó ṣe ṣe é. Òun náà dìde, ó ní torí pé òun lé mi níṣẹ́ ni inú fi ń bí mi. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan, kò dá sí i. Wọ́n kàn béèrè bóyá ojúlówó fídíò náà ṣì wà níbì kan. Ajíbádé na fóònù rẹ̀ sókè. Gbogbo ìgbìmọ̀ korí jọ lé e. Nígbà tó parí, alága ní kí Abíọ́lá dìde dúró kí wọ́n lè rí i dáadáa. Kò dìde.

Wọ́n ti ti kòtò náà pa, ọ̀rọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n Abíọ́lá ṣì ń gun mọ́tò rẹ̀ kiri. Kàmál ti tún pátákó ìta rẹ̀ kùn. Ó pàdé mi ní Ọjà Ọba, ó ń pè mí ní ọmọ òun, ó ń béèrè àwọn òbí mi. Ó rí mi lára bí ẹni tẹ ìgbẹ́. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo kọjá.

Màmá rẹ mú mi lọ sí Iperindo lẹ́yìn ìjókòó yẹn. Wọ́n bọ́jú, wọ́n gbé àga sí ibi tí oòrùn ti tàn dáadáa níwájú ilé, wọ́n ní kí n tún àwọn yà. Wọ́n ní, "Tèmi yìí, má dín in kù o. Bí mo ṣe rí ni kí o jẹ́ kí n rí." Wọ́n sọ̀rọ̀ Micah láti ìgbà tó ti wà níkùn. Mi ò fún un pọ̀ rárá. Ó wúwo ju ohun tí dátà mi lè gbé lọ, ìdí nìyí tí mo fi ń fi lẹ́tà yìí rán ẹni tó ń bọ̀ ní Yola.

Kí Ọlọ́run tu ìwọ àti màmá rẹ nínú, kó dá gbogbo ohun tó kù fún yín sí, kó sì jẹ́ kí a tún fojú rí ara wa láìpẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Kàósárà Àjàgbé.

Mo tún rántí: fúláàṣì tí mo kó fídíò màmá rẹ sí wà nínú àpòòwé yìí. Má wò ó lórí fóònù. Yá kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ gbòòrò. Níbi tí màmá rẹ ti dákẹ́ lápá ìparí, má rò pé ó ti tán. Ìwọ ni wọ́n ń wò.