Odídẹrẹ́ Tó Ń Wúkọ́

Màmá mi,

Ẹ kú àfaradà. Ẹ ní ìtàn ilé ìtọ́jú ẹranko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń pa yín lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Ó yá, ẹ gbọ́ tuntun.

Obìnrin kan gbé odídẹrẹ́ rẹ̀ wá, ẹyẹ ń wúkọ́ bí àgbàlagbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni dókítà fi fún un lóògùn. Àṣé kò ṣàìsàn rárá! Ikọ́ ọkọ obìnrin náà ló ń sín jẹ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má wò ó sàn mọ́ o. A ti sin ẹni tó ni ikọ́ yẹn."

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ká lè tètè jókòó dáadáa? Bí mo bá ń gbálẹ̀ yàrá ẹyẹ náà, tó bá ti wúkọ́ báyìí, màá nàró. Àná ni obìnrin náà wá gbé e padà sílé.

Ìwé ìgbélùú tí màá fi lè kúrò nílùú òyìnbó yìí wálé wá wo ojú oórì Bàbá ò tíì jáde. Ara mi le. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, kí ẹ sọ ti odídẹrẹ́ fún wọn. Àmọ́ ibi tí a ti rẹ́rìn-ín yẹn ni kí ẹ parí ẹ̀ sí.